Méje Ni Wọ́n, Mẹ́fà Ni Kọ̀ǹpútà Gbà

  

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin rìn dé Ẹnuwá níhìn-ín ní Ifẹ̀, a sì yà lọ wo ère Móremí tó wà nítòsí ààfin, èyí tí wọ́n ṣí ní 2016, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42. Ọmọ ọdún 19 ni ọmọ náà. Bó bá jí, géèmù. Bó bá jẹun tán, géèmù. Ó gbójú sókè wo ère yẹn títí, ó wá ní, "Dádì, kí ló dé tó fi jẹ́ òun nìkan ló lọ? Ṣé kò rí ẹni bá a lọ ni?"

Mo ní iṣẹ́ tí Móremí lọ ṣe kò gba èrò. Iṣẹ́ amí ni. Ó jẹ́ kí àwọn tó ń yọ Ifẹ̀ lẹ́nu mú òun lẹ́rú, ó gbé ọ̀dọ̀ wọn títí ó fi mọ̀ pé ènìyàn bíi tiwa ni wọ́n, pé koríko lásán ni wọ́n ń dì mọ́ra, ó sì sá wálé wá sọ pé iná ni kí á fi pàdé wọn. Bí àwọn amí bá pọ̀, wọ́n á tú ara wọn fó.

Ọmọ mi mi orí. "Géèmù ẹlẹ́nìkan nìyẹn. Èmi, ti ẹlẹ́gbẹ́ ni mo fẹ́ràn."

Ti ẹlẹ́gbẹ́ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ òní. Géèmù kọ̀ǹpútà ni, tí ẹnì kan máa ń jókòó sídìí rẹ̀, àmọ́ tó jẹ́ pé ikọ̀ ènìyàn mẹ́rin tàbí mẹ́fà ni onítọ̀hún ń darí: ẹni tó lè jà, ẹni tó mọ ọfọ̀, ẹni tó lè wo ọgbẹ́ sàn, ẹni tó lè ṣí àgádágodo láìní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n á jọ wọ igbó, wọ́n á jọ wọ ihò, wọ́n á sì jọ pín ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì yí rédíò yín síbòmíràn. Irú ìtàn yìí ti wà létí yín kí kọ̀ǹpútà tó wọ ilé ẹnikẹ́ni nínú wa.

Lọ́dún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà tó kọ ọ́, ọmọ Òkè-Igbó ni. Bẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà Oǹdó jáde nílùú wa níbí, ẹ ó kọjá Ìfẹ́tẹ̀dó, ẹ ó sì bá Òkè-Igbó lọ́nà. Aládùúgbò wa ni bàbá yẹn. Nínú ìwé náà, ọba rán Àkàrà-oògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Àkàrà-oògùn kò dá lọ. Ó ní Kàkò tó ń gbé kùmọ̀. Ó ní Ìmọ̀dòye ọlọ́gbọ́n. Olóhùn-iyọ̀ akọrin ń bẹ níbẹ̀, Ẹfọ̀ìyẹ̀ ọlọ́fà ń bẹ níbẹ̀, Elégbèdé-ọdẹ tó gbọ́ èdè ẹranko náà ń bẹ níbẹ̀, àti Àràmàdà-okùnrin, tí orúkọ rẹ̀ nìkan tó sọ irú ẹ̀dá tó jẹ́. Bẹ́ ẹ bá ka Àkàrà-oògùn mọ́ wọn, ẹni méje. Ohun tí ọ̀kan lè ṣe, èkejì kò lè ṣe é. Ẹ má gbàgbé iye yẹn, méje, torí mo máa padà síbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú ọ̀ràn yẹn rárá. Àwọn ọ̀rẹ́ á yí tábìlì ká pẹ̀lú pẹ́ńsù, bébà àti dáìsì. Ẹnì kan á jẹ́ apàlọ́, àwọn yòókù á jẹ́ àwọn tó ń rìn nínú àlọ́ náà. Bí ẹnì kan bá ní òun fi idà bẹ́ òrọ̀, dáìsì ló máa sọ bóyá idà náà bà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ta lúdò rí mọ bí dáìsì ṣe ń dójú ti ènìyàn. Àwọn ọmọ yunifásítì tó mọ kọ̀ǹpútà wá ń rò ó pé, bí apàlọ́ kò bá sí nílé ńkọ́? Ṣé ẹ̀rọ kò lè di apàlọ́?

Ọ̀kan lára àwọn ìdáhùn tó lókìkí jù ni Wizardry, tí Andrew Greenberg àti Robert Woodhead ṣe fún kọ̀ǹpútà Apple II lọ́dún 1981. Ìyẹn gan-an ni èmi fojú ara mi rí, mo sì fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́, níhìn-ín ní Ifẹ̀.

Ìsinmi gígùn ọdún 1986 ni. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Yunifásítì Ifẹ̀ ni wọ́n ṣì ń pe yunifásítì wa, ó ku ọdún kan kí wọ́n tó fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè é. Bàbá Kúnlé, ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Ó ti Amẹ́ríkà dé pẹ̀lú Apple II kan àti àpótí fúlọ́pì, àwọn pẹlẹbẹ tí géèmù ń gbé inú wọn. Láti agbo ilé wa lẹ́yìn Ẹnuwá, mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ wọn, ìyá mi á rò pé ìṣirò ni mo ń lọ kọ́. Kì í kúkú ṣe irọ́ pátá, ìṣirò pọ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tó wà lójú ẹ̀rọ yẹn kò ju ìlà lọ. Ìlà mẹ́rin á pàdé, wọ́n á di ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìlà mẹ́ta á dábùú, wọ́n á di ilẹ̀kùn. Ihò abẹ́ ilẹ̀ ni, ìpele mẹ́wàá, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Kò sí àwòrán ilẹ̀ kankan láti fọ̀nà hàn ọ́. Ìwọ lo máa yà á. Ìwé gíráàfù tí wọ́n fi ń kọ́ wa ní ìṣirò ni a fi ya tiwa, ìgbésẹ̀ kan, onígun mẹ́rin kan. Bí a bá ṣi ẹyọ onígun mẹ́rin kan kà, a ti sọnù nìyẹn, ó lè di alẹ́ kí a tó mọ ibi tí a ti ṣìnà.

Ikọ̀ náà, òfìfo ni wọ́n wá bá wa. Kò sí ẹni tó ní orúkọ, kò sí ẹni tó ní ìyá. Ìwọ lo máa sọ wọ́n lórúkọ, ìwọ lo máa pín agbára fún wọn: èyí jẹ́ jagunjagun, èyí àlùfáà, èyí oníṣẹ́ ọfọ̀, èyí olè. Kúnlé àti èmi kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Fágúnwà ni a ń kà ní kíláàsì lásìkò yẹn. KAKO ni a kọ́kọ́ tẹ̀, láìsí àmì ohùn kankan, lẹ́yìn náà AKARAOOGUN.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí a dé orí ẹnì keje. Wizardry kò gbà ju mẹ́fà lọ. Mẹ́ta níwájú tí wọ́n ń fi nǹkan ìjà jà, mẹ́ta lẹ́yìn. Kúnlé ní kí á yọ Olóhùn-iyọ̀, pé kí ni akọrin fẹ́ ṣe nínú ihò. Mo ní ẹni tó bá yọ Olóhùn-iyọ̀ kò ka ìwé yẹn. A fà á títí bàbá rẹ̀ fi jáde sí wa. Ní ìparí, Àràmàdà-okùnrin ni a fi sílẹ̀ ní ilé ọtí tí àwọn tí kò tíì rí ikọ̀ bá lọ máa ń jókòó sí. A dá a, a sọ ọ́ lórúkọ, a sì ní kó dúró dè wá. Ọ̀rọ̀ Olóhùn-iyọ̀ kò tán síbẹ̀ o. Kò sí iṣẹ́ akọrin nínú Wizardry, la bá sọ ọ́ di olè. Ó ṣì ń dùn mí. Lọ́dún 1985, wọ́n ti ṣe The Bard's Tale, níbi tí akọrin ti wà tí orin rẹ̀ sì jẹ́ ohun ìjà, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ọmọ méjì ní Ifẹ̀?

Ní báyìí, ẹ gbọ́ òfin Wizardry lórí ikú. Bí ẹnì kan bá kú, àwọn yòókù lè gbé òkú rẹ̀ padà sí ìlú, kí wọ́n sanwó fún tẹ́ḿpìlì láti jí i. Ó lè jí. Ó sì lè má jí kó di eérú. Wọ́n á tún sanwó lórí eérú náà. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, orúkọ rẹ̀ á parẹ́, ó parí. Fúlọ́pì ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sí pé o fẹ́ padà sí àná. Ìgbà kan wà tí àwọn ẹ̀mí burúkú fẹ́ pa Kàkò, bí wọ́n ṣe nawọ́ sí i báyìí ni iná lọ. Gbogbo àdúgbò kígbe "háà!" Èmi àti Kúnlé ń jó nínú òkùnkùn, torí ẹ̀rọ kò tíì ráyè kọ ikú rẹ̀ sílẹ̀. Èmi kò tíì pàdé ẹlòmíràn tó dúpẹ́ rí pé iná lọ.

Bí ikọ̀ náà bá wá kú tán, ibi tí wọ́n kú sí ni òkú wọn máa wà. Wọn kò ní kúrò níbẹ̀. O ní láti kó àwọn mìíràn jọ, kí o tọ́ wọn dàgbà, kí o rán wọn lọ síbẹ̀ lọ gbé òkú wọn wálé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n gbé òkú ará ilé láti ìdálẹ̀ wá sin, ẹ̀yin ni ẹ máa mọ bí òfin yẹn ṣe wọ̀ wá lára tó. Mo gbà pé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà rò pé ìyà lásán ni.

Àwọn géèmù tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ kún un. Pool of Radiance, 1988, ní ìtàn tó pọ̀ débi pé fúlọ́pì kò gbà á. Wọ́n bá tẹ ìtàn náà sínú ìwé kékeré kan; géèmù á sọ pé kí o lọ ka abala kan báyìí. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ojú kòkòrò á mú àwọn kan ka ìwé náà ṣáájú, ni wọ́n bá fi irọ́ kún un, àwọn abala tí géèmù kò ní rán ẹnikẹ́ni lọ kà láé. Ọgbọ́n àgbà nìyẹn. Ó jọ ìyá àgbà tó mọ̀ pé o ti gbọ́ àlọ́ náà rí, tó wá yí ìdí rẹ̀ padà.

Ohun tó yí ọ̀nà padà pátápátá ni Baldur's Gate, ní oṣù Kejìlá ọdún 1998. BioWare ló ṣe é, ní Edmonton ní Kánádà, àwọn dókítà ìṣègùn sì wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo máa ń rò pé ẹni tó ti jókòó ti aláìsàn ló lè ṣe irú rẹ̀. CD márùn-ún ni. Mẹ́fà ṣì ni ikọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ni ẹyọ kan tí o máa dá. Àwọn yòókù, ojú ọ̀nà ni o ti máa bá wọn, àwọn bíi 25 tí o lè ṣà nínú wọn, oníkálukú pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀, àti ẹjọ́ tí ó ń rò. Khalid àti Jaheira, tọkọtaya ni wọ́n. Bí o bá lé ọkọ, ìyàwó á tẹ̀ lé e. Minsc, jagunjagun òmìrán, ní ẹranko kékeré kan bí èkúté tí ó ń bá sọ̀rọ̀, ó sì gbà pé ó ń dá òun lóhùn. Bí o bá fi ẹni rere àti ẹni ibi sínú ikọ̀ kan náà, wọ́n á máa bú ara wọn, ó lè di ìjà. Ìjà ọ̀tá náà kì í ṣe ti ìwọ-ta-kí-n-ta mọ́ bíi ti ayò. Gbogbo wọn ń jà lẹ́ẹ̀kan náà bíi bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ni fèrè wà. Nígbà tó bá wù ọ́, o fọn ọ́n, gbogbo wọn á dúró gbagidi, o sọ fún oníkálukú ohun tí yóò ṣe.

Mo fi í ṣeré ní 2001, lálaalẹ́, nínú ilé kọ̀ǹpútà kan ní Lágeré níbi tí a ti ń sanwó sùn mọ́jú. Mo rántí pé mo pe Kúnlé ní Ìbàdàn, mo ní, "Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ o!" Ó ní àwọn wo? Mo ní, "Kàkò àti àwọn ará ibẹ̀."

Kí n má fi ìtàn ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e dá yín lágara. Irú géèmù yìí rọ̀ díẹ̀, àwọn onílé iṣẹ́ ńlá ní owó kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Lọ́dún 2012, Obsidian ṣe bí ẹgbẹ́ tó fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ṣe ń ṣe: wọ́n bẹ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ pé kí wọ́n dáwó. Mílíọ̀nù dọ́là kan àti díẹ̀ ni wọ́n bèèrè. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin wọlé. Owó yẹn ni wọ́n fi ṣe Pillars of Eternity, tó jáde ní 2015. Àwọn ọmọ 1998 ti dàgbà, wọ́n ti ń gbowó oṣù, wọ́n sì ń wá ẹgbẹ́ wọn.

Ó wá kan ti ọmọ mi. Baldur's Gate 3, Larian ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ló ṣe é, oṣù Kẹjọ 2023, òun náà ló sì gba ẹ̀bùn géèmù tó dára jù lọ́dún náà. Ààyè tí ó ń gbà nínú kọ̀ǹpútà tó gìgábáìtì 150. Fúlọ́pì Apple II wa ìjọ́sí, kìlóbáìtì 140 ló gbà. Ìyẹn ni pé bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó géèmù ọmọ mi sórí irú fúlọ́pì wa, ẹ ó nílò ju mílíọ̀nù kan lọ. Ẹ má bi mí léèrè iye dátà tó jẹ. Ìyàwó mi ń gbọ́ rédíò yìí.

Mo jókòó tì í ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo ń wò ó. Mẹ́rin péré ló ń jáde pọ̀, ìyókù á wà ní ibùdó. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á yí iná ká. Ojú wọn ń rọ̀, ètè wọn ń gbọ̀n, torí ènìyàn gidi ló ṣe ìṣesí wọn. Bí o bá ṣàánú aláìní, ọ̀kan á fẹ́ràn rẹ sí i, èkejì á yọ ṣùtì. Ìwà rẹ ni wọ́n ń ṣírò. Dáìsì àtijọ́ ti padà sójú ẹ̀rọ pẹ̀lú, ó ń yí gbiri níwájú rẹ, kò fi ara pamọ́ mọ́.

Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé ti àtijọ́ ló dára jù. Irọ́ ni wọ́n ń pa, tàbí kí n sọ pé ọjọ́ orí ló ń pa á fún wọn. Kí ni mo mọ̀ nípa KAKO wa ìgbà yẹn? Nọ́ńbà mẹ́fà. Ohun tó kù, inú ìwé ni mo ti gbé e wá. Nínú ìwé, Kàkò jẹ́ ẹni tó pa ìyàwó rẹ̀ nígbà tí obìnrin náà rọ̀ mọ́ ọn pé kò gbọ́dọ̀ lọ sí Láńgbòdó. Ìwà tó burú jáì ni, akọni ni Kàkò síbẹ̀, òǹkàwé á sì máa rìn tẹ̀ lé e láìmọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Wizardry kò lè gbé irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Géèmù ọmọ mi lè gbé e dáadáa. Ó gba kọ̀ǹpútà ní ogójì ọdún àti díẹ̀ láti dé ibi tí Fágúnwà ti jókòó ní 1938.

Apá kan ìwé yẹn wà tí géèmù tuntun kò fẹ́ fọwọ́ kàn. Kì í ṣe gbogbo àwọn ọdẹ yẹn ló padà wálé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú ikọ̀ ọmọ mi kú. Kò tilẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì méjì, ó padà sí ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú, onítọ̀hún ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo ní, "Kú ló kú yẹn o." Ó ní, "Dádì, kò kú. Mo ti ṣe séèfù." Ohùn tí wọ́n fi owó ribiribi gbà sílẹ̀, omijé tí wọ́n yà lẹ́yọ lẹ́yọ, bọ́tìnì méjì ti sọ wọ́n di eré. Larian fúnra wọn mọ̀. Ní ìparí oṣù Kọkànlá 2023, wọ́n fi ọ̀nà ìṣeré kan kún un tó jẹ́ pé ìpamọ́ kan ṣoṣo ni o ní, ohun tó bá bàjẹ́ ti bàjẹ́. Mo ní kí ọmọ mi dán an wò. Ọjọ́ kejì, ó jẹ oúnjẹ alẹ́ láìsọ̀rọ̀. Mo bi í pé ta ni. Ó dárúkọ ẹni náà fún mi, ó sì sọ ibi tó kú sí, bí ẹni ń ròyìn ìjàm̀bá ọkọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a jọ mọ ohun kan náà.

Ọ̀ràn náà ti dé ìtòsí wa pẹ̀lú. Ní Kamẹrúùnù, Kiro'o Games ní Yaoundé gbé Aurion jáde ní 2016: Enzo tí wọ́n gba ìtẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àti Erine ìyàwó rẹ̀ tó ń tì í lẹ́yìn lójú ìjà. Tọkọtaya nìkan ni ikọ̀ náà. Ẹni tó máa ṣe ti Láńgbòdó kò tíì yọjú sí mi. Wálé Ògúnyẹmí ti gbé e sórí ìtàgé fún àjọ̀dún FESTAC ní 1977, Ṣóyínká ti túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì láti 1968. Bí ẹni náà bá ń gbọ́ mi lálẹ́ yìí, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní: ẹ jẹ́ kó gba ẹni méje.

Ìdí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ìsinmi 1986, ikọ̀ wa wọ ìpele kẹrin. Olóhùn-iyọ̀ tí a sọ di olè ṣí àpótí kan, kò rí májèlé inú rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo wọn ti tán, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo mọ ojúlé ibẹ̀, ó wà nínú ìwé gíráàfù mi, mo fi bíìrò pupa yí i ká.

Kúnlé ní kí á dá ikọ̀ mìíràn. Mo kọ̀. Mo ní ẹnì kan ṣì ń dúró nílé ọtí. A bá ra idà fún Àràmàdà-okùnrin, a rán òun nìkan wọ ihò. Ó ń jà lẹ́ẹ̀kan, ó ń sá padà síta, ó tún ń wọlé. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún, tábìlì ti ṣófo, bàbá Kúnlé ti gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Èkó fún àtúnṣe, ẹ̀rọ náà kò sì padà wá.

Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi lábẹ́ ère yẹn. Ó wo Móremí, ó wò mí. "Ìpele wo ló dé?"

Mo ní, "Ìkejì."